Òǹtẹ̀ Ìjàpá Tó Kúrò Nínú Àpò Bàbá Ormenos

“Ṣé ẹ ti gbọ́... wọ́n ní bàbá yẹn ta òǹtẹ̀ ìlú fún ará Kọ́ríńtì... wọ́n ní nígbà tí wọ́n bi í, ńṣe ló jẹ́wọ́...” Létí kànga ni mo ti ń gbọ́ ọ, mo sì ń dákẹ́. N kò lè dákẹ́ mọ́. Bàbá Ormenos ti kú sílẹ̀ àjèjì, àwọn ọmọ wọn gbé egungun wọn dé èbúté wa, ẹ̀yin àgbààgbà erékùṣù Aigina wa sì ní ẹ kò ní sin olè síbí. Wọn kì í ṣe olè. Èmi Timareta ni olè.

Bàbá mi ló ń gbẹ́ òǹtẹ̀ tí a fi ń tẹ ìjàpá sára owó fàdákà wa, Bàbá Ormenos ló ń fi òòlù lù ú. Èmi tí ojú máa ń tì láàárín ẹgbẹ́, ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo dàgbà sí. Wọ́n á fi owó ìlú mìíràn sí mi lọ́wọ́: “Òwìwí Áténì rèé, ó ń wò ẹ́ bí ìyá ọkọ. Oyin Éfésù rèé, má jẹ̀ẹ́ kó ta ẹ́ o.”

Ọmọ ọlọ́kọ̀ kan láti Kọ́ríńtì, Nikandros, wá ń pè mí ní ìyàwó. Ó ní, “Bá mi mú òǹtẹ̀ tó ti gbó yẹn. Ṣebí ẹ kúkú fẹ́ fọ́ ọ ni? Màá fi han bàbá mi pé ọmọ oníṣẹ́ ọnà ni mo fẹ́ fẹ́.” Mo gbà á gbọ́. Ẹ wo orí mi!

Ojú ẹ̀yin àgbà la ti ń fọ́ òǹtẹ̀ tó bá gbó, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi tẹ ayédèrú. Inú àpò Bàbá Ormenos ni ti ọjọ́ náà wà, wọ́n fẹ́ gbé e wá bá yín. Wọ́n ní kí n bá àwọn ṣọ́ àpò, oorun ọ̀sán sì gbé wọn lábẹ́ igi ólífì. Mo yọ òǹtẹ̀, mo fi òkúta rọ́pò. Nikandros ṣíkọ̀ lọ, kò padà. Ayédèrú owó ìjàpá rẹ̀ ló padà dé ọjà wa: a fi irin là á, bàbà pupa ló wà nínú.

Àmọ́ kó tó dìgbà yẹn, ẹ ti tú àpò, òkúta ti jáde. Ẹ bi mí, mo ní: “Bàbá Ormenos ni. Mo rí wọn pẹ̀lú àlejò kan.” Bàbá mi tutọ́ sí ọ̀rẹ́ wọn lójú. Ẹ lé arúgbó wọnú ọkọ̀.

Ẹ lé mi, ẹ jẹ́ kí Bàbá Ormenos sùn nílé. Wọn ò jẹ́wọ́ rárá. Mo wà níbẹ̀. Nígbà tí ẹ bi wọ́n pé ta ló mú un, ohun tí wọ́n sọ nìyí: “Ẹ bi Timareta, òun ló bá mi ṣọ́ àpò. Ohun tó bá sọ, ẹ gbà á. Ọmọ yẹn kì í parọ́.”