Mo Yí Ojú Ẹ̀rọ Náà, Mo sì Dákẹ́

Bàbá kan ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà ní àdúgbò wa ní Ọ̀wọ̀. Bí mo bá ti rí wọn lọ́ọ̀ọ́kán, ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń gbà. Kì í ṣe pé wọ́n bú mi rí o. Àdúrà ni wọ́n máa ń ṣe fún mi, àdúrà náà gan-an ni mi ò lè dúró gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi, kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Bọ́sẹ̀ lorúkọ ọmọ wọn. Àkókó ni wọ́n ti wá, àmọ́ Ọ̀wọ̀ níbí ni wọ́n bí Bọ́sẹ̀ sí, a sì jọ wà ní pólì ni. Nígbà tó kù díẹ̀ ká jáde, wọ́n pín wa ní méjì méjì pé ká ṣe pírójẹ́ẹ̀tì, èmi àti Bọ́sẹ̀ sì bọ́ sójú kan. Ìyá mi àgbà ní Idasen ni mo ronú kàn. Wọ́n máa ń sá láfún sórí tapólì, bí òjò bá sì ṣú, eré àsápajúdé ni, orúnkún wọn ò sì gbà á mọ́. La bá ní ká ṣe àtẹ kan tí ìbòrí rẹ̀ á máa ṣí fúnra rẹ̀ bí oòrùn bá ràn, tí á sì máa padé bí ojú ọ̀run bá ṣú. Bàbá Bọ́sẹ̀ ló jó irin rẹ̀ pọ̀. Wọ́n ṣe é tán, kò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n tú u, wọ́n tún un ṣe. Bọ́sẹ̀ ló mọ wáyà, èmi ni mo mọ̀wé kọ. Ohun kékeré kan wà lórí rẹ̀ tó ń mọ ìmọ́lẹ̀, ojú la máa ń pè é. Èèyàn á máa yí i díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tó ń wá ilé iṣẹ́ rédíò, títí á fi mọ oòrùn yàtọ̀ sí ìkùukùu. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Bọ́sẹ̀ fi jókòó sínú oòrùn Idasen tó ń yí i. Èmi wà lábẹ́ ibòòji, mò ń jẹ àgbàdo.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a máa gbé e síwájú àwọn olùkọ́, ojú ọjọ́ dúdú. Bọ́sẹ̀ ti lọ wá láfún tí a máa dà sínú àtẹ. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi sí ojú ẹ̀rọ náà, ìbòrí ò mira. Ó yẹ kí n ti mọ̀ pé tọ́ọ̀ṣì fóònù kì í ṣe ẹgbẹ́ oòrùn. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí i, mo ń yí i, títí ìbòrí fi ṣí. Inú mi dùn, mo rò pé mo ti gbà wá sílẹ̀. Nígbà tí Bọ́sẹ̀ dé, mi ò sọ fún un, nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ibẹ̀.

Oòrùn padà yọ. Ìbòrí ṣí, wọ́n pàtẹ́wọ́. Olùkọ́ kan ṣí agbòòrùn lé e lórí kó lè ṣókùnkùn, ìbòrí ò padé; láti ìgbà tí mo ti yí i, ìmọ́lẹ̀ kékeré náà ti di oòrùn lójú rẹ̀. Wọ́n bu omi inú ike wọ́n ọn bí òjò, láfún di ẹ̀kọ, gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n wá bèèrè pé ta ló ṣètò ojú yìí. Mo ní, "Bọ́sẹ̀ ló ń mójú tó apá yẹn, sà." Ṣé irọ́ ni mo pa? Ohun tí mo fi ń tan ara mi jẹ nìyẹn. Bọ́sẹ̀ kàn wò mí ni.

Ìwé tí mo kọ gbé mi jáde. Wọ́n ní kí Bọ́sẹ̀ padà wá tún tirẹ̀ ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Bàbá rẹ̀ sọ fún un pé, "Irin mi ò yẹ̀, ọwọ́ tìẹ ló yẹ̀," wọn ò sì jẹ́ kó fọwọ́ kan irinṣẹ́ wọn mọ́, ọmọ tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù yẹn ló fẹ́ bá wọn sọ di ńlá. Ó kó lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Ìfọ́n. Kò padà sí pólì mọ́.

Nígbà tí ẹ̀rí ọkàn ò jẹ́ kí n jẹun mọ́, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìfọ́n. Níbi tí wọ́n ti ń lọ ẹ̀gẹ́ ni mo bá a, ó ń jọ gàrí. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

Ó ní, "Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ náà. Mo mọ ibi tí mo yí i sí. Ẹnu ẹ ni mò ń retí."

Mo ní lọ́jọ́ náà gan-an ni mo máa lọ sọ fún bàbá rẹ̀. Ó mi orí. "Má lọ. Ìwọ ni wọ́n fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn àbúrò mi. Wọ́n ti rò pé èmi ò wúlò. Tí wọ́n bá tún gbọ́ tìẹ, kí ló kù tí wọ́n máa gbára lé?"

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n tún dákẹ́ lẹ́ẹ̀kejì nítorí pé òun ló bẹ̀ mí, àbí kí n sọ ọ́ kí n ba bàbá náà lọ́kàn jẹ́? Lánàá ni bàbá náà ká mi mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Àbúrò Bọ́sẹ̀ ti wọ pólì, wọ́n ní kí n wá máa kọ́ ọ níṣẹ́, kó má baà ṣe bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọmọkùnrin tí wọ́n tọ́ dáadáa, mo ní, "Ẹ ṣé, sà. Mo máa wá lọ́la."