Ohùn Inú Kọ́bọ́ọ̀dù

Ẹ gbé e padà, ọkọ mi. Mo ní ẹ gbé e padà síbi tí ẹ ti rà á, kí n tó gbàgbé pé àbúrò ọkọ mi ni yín. Ẹ ò rí i pé mi ò fọwọ́ kàn án? Kọ̀ǹpútà tuntun, ó ń dán, ọ̀rá ṣì wà lára ẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ṣé mo sọ fún yín pé kọ̀ǹpútà ló sọnù nílé yìí ni? Tiwa nìyẹn lórí tábìlì, ó mọ́ tónítóní, ẹ fi òwú àti sípíríìtì nu àárín lẹ́tà ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi náà ni mo sọ yín ní Afínjú lọ́jọ́ tí mo wọ ilé yín. Mi ò mọ̀ pé orúkọ yẹn á padà wá bá mi jà.

Ẹ jókòó. Ẹ má dọ̀bálẹ̀ fún mi, ẹ̀gbọ́n yín wà nínú yàrá, ó ń gbọ́ wa. Etí ò bá ọ̀fun lọ.

Ọkùnrin tó fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kéde ọkọ̀ ojú irin, tí gbogbo èrò ibùdókọ̀ mọ ohùn ẹ̀ láì mọ ojú ẹ̀. Dókítà ní kókó wà lọ́nà ọ̀fun, àwọn á gé ibi tí ohùn ti ń jáde, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣé ó sunkún? Ó wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù lọ, ó jókòó sáàárín aṣọ kí ariwo ìta má baà wọlé, ó ń sọ ohùn ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Omi. Ẹ ṣí fèrèsé. Ó ń dùn mí. Irinwó ọ̀rọ̀ ó lé méjìlá, èmi ń gbé tíì dúró níta kọ́bọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àwòrán kéékèèké ojú kọ̀ǹpútà ló ń tẹ̀, á sì bá a sọ ọ̀rọ̀ náà jáde, ní ohùn ẹ̀ gan-an. Ọmọ wa obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún nígbà yẹn, ó ti sọ "O kú ewu, ọmọ mi" sílẹ̀ dè é.

Tèmi náà wà níbẹ̀. Ẹ mọ̀ pé orí ìdúró ni mo ti ń ṣiṣẹ́, aṣọ oníbàárà ni mò ń lọ̀ láti àárọ̀. Tí mo bá dé tí mo tún fẹ́ kọjá sí ilé ìdáná, á tẹ̀ ẹ́: "Wá jókòó, o ti dúró jù." Ojoojúmọ́ ayé.

Kí ni mo sọ fún yín? Mo ní kọ̀ǹpútà ń lọ́ra. Ìyẹn nìkan. Tó bá tẹ omi, ká tó gbọ́ omi, òùngbẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ Sátidé. Fíríìjì lẹ ti ń tún ṣe láti kékeré, ẹ sì mọ̀ ọ́n ṣe, mi ò ní purọ́ mọ́ yín. Tí fíríìjì ò bá tutù mọ́, ẹ kì í rọ gáàsì tuntun lé ògbólógbòó lórí, gbogbo ẹ̀ lẹ máa ń tú dànù kí inú ẹ̀ ṣófo ná. Ẹ wá ṣe kọ̀ǹpútà bíi fíríìjì. Ẹ tú ọkọ mi dànù.

Ẹ ní kí ni? Ẹ ní ẹ pè mí kí ẹ tó ṣe é?

Mo mọ̀. Ẹ pè mí. Ẹ ní, "Ìyàwó wa, ṣé kí n nu gbogbo ẹ̀ mọ́?" Áyọ́ọ̀nù wà lọ́wọ́ mi, oníbàárà dúró tì mí, mo ní ẹ nù ún mọ́. Ọlọ́run ń gbọ́, mo rò pé eruku ni. Ṣé ẹ rò pé mo ti gbàgbé? Òun fúnra ẹ̀ ti kọ ọ́ sórí síléètì pé kí n ra fláàṣì, kí n da gbogbo ẹ̀ kọ síbẹ̀. Mo rà á. Ó wà nínú àpò mi yìí, ẹ wò ó, láti oṣù mẹ́rin mi ò tíì já ọ̀rá ẹ̀. Ẹ má rò pé ẹ̀yin nìkan ni mò ń bínú sí.

Bọ́ọ̀lù wá ńkọ́? Ta ló rán yín níṣẹ́ bọ́ọ̀lù? Ẹ fẹ́ dá ẹ̀gbọ́n yín lára yá, ẹ kó fídíò ọgọ́ta ìdíje bọ́ọ̀lù sínú ẹ̀ kí ẹ tó gbé e padà fún wa. Ọkùnrin tó ń bá èèyàn wá fáìlì tó sọnù, òun ni mo gbé e lọ bá, ohun tó kọ́kọ́ béèrè nìyẹn. Ó ní téèyàn bá nu nǹkan kúrò nínú kọ̀ǹpútà, kì í lọ lójú ẹsẹ̀, wọ́n kàn máa ń ka ààyè ẹ̀ sí òfo ni, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ dé á jókòó lé e lórí. Bọ́ọ̀lù jókòó lé ọkọ mi lórí.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin yẹn. Èyí tó rí yọ ò lórúkọ, nọ́ńbà lásán ni, à ń ṣí wọn níkọ̀ọ̀kan, à ń fetí sí i. Mẹ́tàdínlógójì péré. "Rárá" yọ. "Mo fẹ́ tọ̀" yọ, ó pé pérépéré. "Ẹ kú iṣẹ́" yọ. Ọ̀kan ní "Inú mi," ó gé síbẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ó dùn tàbí ó bà jẹ́. Ọ̀kan ò ní ju ikọ́ àti ìró háńgà lọ. Ìyẹn ni mo ní kó tún gbé fún mi lẹ́ẹ̀mẹrin.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọmọ wa bímọ. Ó pè, ó ní kí n gbé fóònù sétí bàbá òun. Ẹ̀gbọ́n yín wo àwọn àwòrán tó kù, ó wò wọ́n títí, ó wá tẹ "Ẹ kú iṣẹ́." Fún ọmọ ẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà mo gbọ́ bó ṣe ń fa imú.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń pè mí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí mi ò gbé e. Kì í ṣe ìbínú nìkan. Ọjọ́ tí mo gbé e kẹ́yìn, ẹ ní, "Ìyàwó, báwo ni?" Mo ní, "Ẹ máa bọ̀, mo ti gbé oúnjẹ yín kalẹ̀." Ẹ mọ ẹni tí mo rò pé mò ń bá sọ̀rọ̀, ohùn yín méjèèjì ò yàtọ̀. Ìyá yín gan-an, tí ọ̀kan nínú yín bá dáhùn láti yàrá, á tún béèrè pé èwo ni. Orí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì aṣọ ni mo bá ara mi lọ́jọ́ náà.

Láàárọ̀ yìí ẹ̀gbọ́n yín kọ ọ́ sórí síléètì. Ẹ wò ó, mi ò pa á rẹ́: "Àbúrò mi ni kó sọ ọ́." Mo ní mi ò gbà, ohùn ẹlòmíràn ò ní pè mí nílé mi. Ó tẹ "Rárá" fún mi lẹ́ẹ̀mẹta.

Nítorí náà ẹ má gbé kọ̀ǹpútà tuntun yìí padà mọ́. Ẹ já ọ̀rá ẹ̀. Fláàṣì nìyí, lónìí la máa da gbogbo ẹ̀ kọ síbẹ̀, kí ẹ tó jáde nílé yìí. Mo ti ti aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ibi tó jókòó sí ni kí ẹ jókòó sí. Àwọn tó sọnù ni mo kọ sínú ìwé yìí, irinwó ó dín mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ti ọmọ wa, á tún pè lọ́la.

Rárá o, ẹ fi tèmi sẹ́yìn. Tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ má pariwo, bí ẹni tó ti ń wo ilẹ̀kùn láti àárọ̀ ló ṣe máa ń sọ ọ́. Èmi á wà níta kọ́bọ́ọ̀dù níbí. Mi ò ní jókòó títí ẹ ó fi sọ ọ́.