Ọ̀rá Tí Mo Fi Pa Bàtà Ìyá Ọkọ Mi

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn. Bàbá wọn, ẹ̀yin náà ẹ jókòó, ẹ má tíì padà sídìí iṣẹ́. Ọ̀la ni wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Mo lè jí, mo lè má jí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ó bá a. Tèmi ò tiẹ̀ tíì pé ọdún méjì, òtítọ́ ti dì mí lọ́rùn mú. Ẹ gbọ́: eyín ajá ló jẹ bàtà ìyá bàbá yín, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló gbé e fún un.

Ẹ rántí Gbọ́tèmi, ajá tẹ́ríà kékeré tí irun bo ojú rẹ̀ yẹn. Oníbàárà kan ló fi ta bàbá yín lọ́rẹ nígbà tí ẹ ti lọ síléèwé. Ilé aránbàtà, awọ níbí, bàtà lọ́hùn-ún, báwo ni ajá tí eyín ń yún ṣe máa jókòó jẹ́ẹ́? Ó jẹ okùn bàtà, ó jẹ gìgísẹ̀, ó jẹ ẹsẹ̀ àga. Mo ní, 'Ẹ lé e jáde.' Bàbá yín ní, 'Ọmọdé ni. A máa kọ́ ọ.'

Dókítà ẹranko sọ bí a ṣe ń ṣe é. Tó bá gbé bàtà, ẹ má pariwo, ẹ má fà á mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ ní, 'Fi í sílẹ̀,' kí ẹ na eegun tirẹ̀ sí i. Tó bá ti jù ú sílẹ̀, ẹ yìn ín. Ó tún kìlọ̀: 'Ẹ má fún un ní àlòkù bàtà jẹ o. Ajá ò mọ àlòkù yàtọ̀ sí tuntun.'

Ìyìn yẹn ló bà mí jẹ́. Bàbá yín á máa sọ fún ajá pé, 'O ṣeun, ọmọ gidi! Orí ẹ pé!' Háà! Èmi tí mo ti ń dáná láti ìgbà tí irun orí bàbá yín ṣì pé, 'Ṣé ó ti jinná?' nìkan ni mò ń gbọ́. Mo ṣe irun tuntun, kò rí i. Wọ́n gé irun ajá, ó ní, 'Ẹ wo bó ṣe rẹwà!' Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ajá ni mò ń jowú. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń bá orogún jà, èmi ń bá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin du ọkọ.

Bí bàbá yín bá ti jáde, mo máa pe ajá sí ilé ìdáná, mo máa ju àlòkù bàtà sí i. 'Jẹ ẹ́, ọkọ mi, jẹ ẹ́ dáadáa.' Ohun tí bàbá yín kọ́ ọ láàárọ̀, mo tú u ká lọ́sàn-án. Síbẹ̀ ajá náà ń gbọ́n sí i. Lọ́jọ́ kan mo ju bàtà sí i, ó wò mí, ó lọ gbé eegun rẹ̀. Ó dùn mí bí ìgbà tí wọ́n gbá mi létí.

Ẹ mọ bàtà ìyá bàbá yín, orí pẹpẹ ló máa ń wà. Òun ni bàtà àkọ́kọ́ tí bàbá yín rán láyé rẹ̀, òun náà sì ni ìyá wọ̀ kẹ́yìn kó tó kú. Lọ́jọ́ tí bàbá yín lọ ra awọ, mo gbé bàtà náà sọ̀kalẹ̀. Mo bu ọ̀rá ẹran, mo fi pa á tinú tẹ̀yìn, bí ẹni ń para fún ọmọ tuntun. Mo ti ajá mọ́ yàrá pẹ̀lú rẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń gbọ́ bó ṣe ń fà á ya, mi ò ṣílẹ̀kùn. Ìyá yẹn ò sì ṣẹ̀ mí rí o! Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ.

Bàbá yín dé, kò pariwo. Ó ṣa awọ yẹn jọ sínú àpò. Ó ní, 'Ẹ̀bi mi ni. O ti sọ fún mi, mi ò gbọ́.' Èmi ló ń bẹ̀! Mo sì gbà á, ojú ò tì mí. Lọ́jọ́ kejì ó fa ajá lé oníbúrẹ́dì ìsàlẹ̀ àdúgbò lọ́wọ́. Mo rò pé màá bọ́ sí àyè ajá. Rárá o. Kò yin ẹnikẹ́ni mọ́ nínú ilé yìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ ra búrẹ́dì. Gbọ́tèmi rí mi, ó sáré jáde pẹ̀lú sálúbàtà oníbúrẹ́dì lẹ́nu. 'Fi í sílẹ̀' bọ́ lẹ́nu mi. Ó fi í sílẹ̀ níwájú mi, ó jókòó, ó ń wò mí lẹ́nu, ó ń jùrù. Ọ̀rọ̀ ìyìn ló ń retí, èyí tí èmi náà ti ń retí nínú ilé yìí. Kò jáde lẹ́nu mi. Mo sunkún délé.

Bàbá wọn, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin ọmọ, bí ebi ìyìn bá ń pa yín, ẹ la ẹnu, ẹ bèèrè; ẹ má já a gbà lẹ́nu ẹlòmíràn. Tí mo bá jí lọ́la, ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé mi lọ. Tí mi ò bá jí, ẹ bá mi lọ, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ sọ fún Gbọ́tèmi pé, 'O ṣeun, ọmọ gidi.'