Ohùn Àbúrò Mi Ni Ẹ̀ Ń Gbọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n ní ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà, ṣùgbọ́n tèmi ti ń mì. Wọ́n ní kí n wá kọrin ní Ọ̀fà, ìlú mi, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Orin àkọ́kọ́ tí ẹ fi mọ̀ mí ni wọ́n ń bèèrè. Mi ò lè kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi.

Èmi ni mo ronú orin náà, èmi ni mo ta gìtá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn inú rẹ̀, ti Fúnmi àbúrò mi ni.

Yàrá ẹ̀yìn nílé ìyá wa la ti gbà á sílẹ̀ sórí fóònù. A fi aṣọ ìbora dí fèrèsé nítorí ariwo ọ̀kadà. Ọ̀fìnkìn ń bá mi jà, ni mo bá ní kí Fúnmi bá mi kọ ọ́, pé tí ara mi bá yá, màá fi ohùn tèmi rọ́pò. Ó jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ lulẹ̀, a sì ń rẹ́rìn-ín. Háà, ayé dùn nígbà yẹn! Orin ò tún dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Nígbà tí mo gbọ́ ọ tán, mo mọ̀ pé mi ò lè kọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo gbé e jáde bó ṣe wà, orúkọ tèmi nìkan ni mo fi sí i. Orin náà gbòde. Wọ́n bi mí lórí rédíò pé ta ló ni ohùn dídùn yẹn, mo ní èmi ni. Fúnmi àti ìyá wa ń gbọ́ mi nílé. Nígbà tí mo délé, ìyá wa kẹ̀yìn sí mi. Fúnmi kàn ní, "Àǹtí mi, ẹ kú oríire." Kò tún bá mi kọrin mọ́.

Àwọn orin tó tẹ̀lé e, ohùn tèmi gan-an ni, ohùn tó ki bíi ti ọkùnrin. Mo kó kíbọ́ọ̀dù àti ìlù tì í kó lè bò ó mọ́lẹ̀ díẹ̀. Ẹ ní orin mi ti dàgbà, ó ti jinlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mo gba ìyìn yẹn náà.

Fúnmi ń ṣe tíṣà ní Ijagbo báyìí. Nígbà tí mo lọ kí i lóṣù tó kọjá, ọmọ rẹ̀ obìnrin ní kí n kọ orin yẹn fún òun. Mo ní ọ̀fun ń dùn mí. Ni Fúnmi bá gbé orin náà láti ilé ìdáná, níbi tó ti ń gé ẹ̀fọ́. Ọmọ náà pàtẹ́wọ́.

"Mọ́mì, ẹ mọ̀ ọ́n kọ bíi ti Àǹtí!"

Fúnmi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mò ń sín wọn jẹ ni."

Mo sunkún títí mo fi dé Ọ̀fà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo lè sọ ọ́ lójú agbo, mo sì lè lọ kúnlẹ̀ fún Fúnmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n kì í kúnlẹ̀ fún àbúrò. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa sọ fún ọmọ yẹn pé ìyá rẹ̀ ò sín ẹnikẹ́ni jẹ?