Ìwé Kẹ́hìndé

Ní ìkóríta Siporex, ní ìlú onífaransé tí mò ń gbé, níbi tí mo ti ń dúró ra ìwé ìròyìn, obìnrin méjì wà níwájú mi tí wọ́n ń kọ fọ́ọ̀mù abonnement, ìyẹn àsansílẹ̀ owó, ti ìwé àwọn ọmọdé tó máa ń wọlé lóṣooṣù.

“Ìyá Ìbejì, èwo wá ni ti méjì? Ṣebí Táíwò nìkan ló kù fún wa.”

“Àǹtí, mi ò ra nǹkan fún Táíwò rí láìra ti èkejì rẹ̀. Ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí wọn ni.”

“Ó dáa. Kọ ọ́ o.”

“Wọ́n ní kí n kọ ọjọ́ orí. Ìwé ọmọ kékeré wà, ti ọmọ tó ti mọ ìwé kà wà.”

“Táíwò ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Kọ huit.”

“Ti Kẹ́hìndé ńkọ́? Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tó fi wá sílẹ̀. Ṣé èyí tó jẹ́ kìkì àwòrán ni kí n mú fún un, àbí òun náà ti mọ ìwé kà báyìí?”

Àǹtí wo fọ́ọ̀mù náà. Ló bá yíjú sí mi, ó fi Faransé bi mí bóyá mo gbọ́ Yorùbá.

Mo ní, “Non, Madame,” pé mi ò gbọ́. Ká ní mo sọ pé mo gbọ́ ni, èmi ni wọn ì bá bi bóyá Kẹ́hìndé ti mọ ìwé kà.