Ẹja Tó Ń Bímọ

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa láti Òsì lọ sí Ìlọfà, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá kan tó ti ṣe apẹja lókun rí àti ìyá tó jókòó tì í.

"Mo la inú ekurá kan, ẹja ńlá eléyín mímú inú òkun. Mo bá àwọn ọmọ níbẹ̀, wọ́n ṣì ń mira. Mo rọra dá wọn padà sómi."

"Ẹja ń bímọ bíi tèèyàn?"

"Ekurá ń bímọ, ìyá, ó sì máa ń pẹ́ kó tó bí. Bí a ṣe ń pa wọ́n yìí, wọ́n máa tán."

"Kí làwa tí a ò rí òkun rí lè ṣe?"

"Ẹ má ra ẹran rẹ̀ lọ́jà, kẹ́ ẹ sì sọ fáwọn ẹlòmíì. Ẹja tẹ́nìkan ò bá rà, ta ni yóò lọ pa á?"

Ìyá náà wo ìta lójú fèrèsé. "Èmi ò ní rà á mọ́," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ṣé àwọn ọmọ náà yè?"

"Mi ò mọ̀, ìyá. Wọ́n kàn lúwẹ̀ẹ́ wọ ibú lọ, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń lálàá."