Omi Híhó Tí O Dà Lé Iṣẹ́ Ọmọ Mi Lórí

Dìde! Mo ní dìde nílẹ̀ yẹn, má fi orúnkún rẹ ba ẹní mi jẹ́! Ta lò ń kúnlẹ̀ fún? Èmi? Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ tí o pè ní ìyá oníkòkòrò lójú gbogbo àwọn oníbàárà rẹ? Háà, ayé mà yí o! Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ọ̀gá àwọn tó ń ta oògùn apakoríko, òun ló wá tọrọ kòkòrò lọ́wọ́ mi lónìí. Ẹ gbà mí o!

Ẹ̀wà rẹ ń kú. Mo ti gbọ́. Kí o tó dé ni mo ti gbọ́, mo tiẹ̀ ti lọ wò ó pàápàá, mo dúró létí oko rẹ, mo wò ó dáadáa, ewé rẹ̀ ti pọ́n, etí rẹ̀ ti ká kò bí ìwé tí iná jó. Mo rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni, mo rẹ́rìn-ín, kí lo fẹ́ kí n ṣe, kí n sunkún?

Àbí ta ló ní kí o gbin ẹ̀wà sórí ilẹ̀ tí o fín oògùn oko àgbàdo sí? Ìwọ tó ń tà á! Ìwọ tó ń kọ́ gbogbo èèyàn bí wọ́n ṣe ń pò ó! O ní omi púpọ̀ ń ba oògùn jẹ́, àfi kó ki. Ó ki. Koríko kú. Oògùn náà wá jókòó sínú ilẹ̀, ó ń dúró de ẹ̀wà rẹ.

Ohun kan náà tí o ṣe fún mi nìyẹn, àbí o ti gbàgbé? Mo wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ, o gbé ike oògùn lé mi lọ́wọ́, o ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lọ fín in, kí ẹ máa sùn." Mo fín in, mo kórè àgbàdo, mo yìn ẹ́ káàkiri. Ìgbà tí mo wá gbin ẹ̀wà síbẹ̀, ó yọ tán, ó kọ̀ kò dàgbà, ó ń rù bí ọmọ tí wọn ò fún lọ́mú. Mo sáré tọ̀ ẹ́ wá, o ní irúgbìn mi ni ò dáa. O gbé irúgbìn mìíràn fún mi. Ó tún kú! O mọ̀ pé oògùn rẹ ni, Ọlọ́run ń gbọ́, o mọ̀, o sì ń wò mí lójú kòrókòró!

Ọmọbìnrin mi ló bá mi rìn ká oko yẹn. O mọ̀ pé ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ló ń kọ́ ní yunifásítì, tí ìwọ ń bi mí pé kí ni wọ́n ń kọ́ nípa ilẹ̀, ṣé wọn ò rí ilẹ̀ rí ni. Ó rí igun kan tí ẹ̀wà díẹ̀ ti ń tutù yọ̀yọ̀ níbi tí gbogbo ẹgbẹ́ wọn ti ń kú. Ó wa ibẹ̀, ó bu iyẹ̀pẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò wọn, ó gbé e lọ. Ìgbà tó padà dé, ó ní, "Màmá, kì í ṣe gbogbo kòkòrò àìfojúrí ló ń fa àìsàn o. Àwọn tí mo rí nínú ilẹ̀ wa yìí, wọ́n ń jẹ oògùn yẹn díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń fún gbòǹgbò lágbára kó lè fara dà á." Mo ní ṣé wọn ò níí jẹ èmi náà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín ọmọ yẹn nígbà náà!

Ó ń sìn wọ́n nínú kẹ́ẹ̀gì nílé ìdáná bí ẹni ń sin òròmọdìẹ, ó ń fún wọn ní omi ṣúgà, ó ń fi aṣọ bò wọ́n nítorí òtútù. A rẹ irúgbìn sínú omi yẹn kí a tó gbìn ín. Mi ò sọ pé gbogbo rẹ̀ ló yè o, mi ò níí parọ́, ibi tí mo da oògùn sí jù, kò sóhun tó gbà á là níbẹ̀. Àmọ́ ìyókù dìde, ó tanná, ó so! Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í yà lóko mi wá wò ó.

Ibẹ̀ ni inú rẹ ti bàjẹ́. Kí ló bà á jẹ́? Ṣé ọmọ náà ní kí wọ́n má ra oògùn rẹ mọ́ ni? Ohun tó ń sọ kò ju pé kí wọ́n máa fín in níwọ̀nba. Níwọ̀nba! Ọ̀rọ̀ yẹn ló gún ẹ lọ́kàn. Ni o bá bẹ̀rẹ̀, o ní ó ń kó àrùn sínú ilẹ̀, ẹ má jẹ ẹ̀wà wọn, inú yín á run. Àwọn ọmọdé ń sá fún ọmọ mi lójú títì, wọ́n ń pariwo, "Kòkòrò ń bọ̀ o!" Ìwọ lo kọ́ wọn! Ìwọ tí ọmọ náà ń pè ní Bàbá kékeré!

Kò tíì tó ẹ. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ ní kó gbin ilà méjì sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti fín oògùn sí, kó rẹ irúgbìn ọ̀kan, kó má rẹ ti èkejì, bí wọ́n bá rí ìyàtọ̀, iṣẹ́ ìwádìí ní yunifásítì á di tirẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ rẹ irúgbìn lo wá kí wa. Wá kí wa! O jókòó sórí àga yẹn, o ní ọ̀fun rẹ ń fẹ́ tíì, o ní kí n má dìde, o mọ ọ̀nà ilé ìdáná. Mo gbọ́ tí kẹ́tùlù ń súfèé. Mo tiẹ̀ tún nahùn sí ẹ pé ṣúgà wà lórí pẹpẹ, èmi òmùgọ̀! O sì wà níbẹ̀, ò ń ṣí ìdérí kẹ́ẹ̀gì ọmọ mi, ò ń da omi híhó lé wọn lórí. O tún jáde wá, o mu tíì rẹ, o ní ó dùn.

Kẹ́ẹ̀gì sunkì, ikùn rẹ̀ wọlé. Ọmọ náà rí i, ó ní ooru ló mú un. Kò wá sí i lọ́kàn rárá pé èèyàn lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó rẹ irúgbìn rẹ̀ sínú òkú.

Ilà méjèèjì kú bákan náà. Wọ́n dúró yí i ká, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ náà ní kó lọ wá ọkọ fẹ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ìwádìí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dé ilé, ó kọjú sí ògiri. Bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á tutù síbẹ̀. Ìwọ sì wà ní ṣọ́ọ̀bù, ò ń fọwọ́ júwe bí o ṣe da omi kẹ́tùlù, àwọn èèyàn ń lu tábìlì, ẹ̀rín ń pa wọ́n. Ẹnu ara rẹ ni mo ti gbọ́ ọ, mo dúró lẹ́yìn rẹ gan-an!

Kí lo wí? Àṣìṣe? O ní àṣìṣe ni? Àṣìṣe wo ló máa ń dúró de omi kó hó?

Má da ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ bò mí o. O ní kí ni wọ́n máa jẹ? Ebi ò níí pa àwọn ọmọ rẹ, fi wọ́n sílẹ̀, ìwọ ni kí o máa ro ti ara rẹ. Ó dá mi lójú, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé o ò rí apá oko ìyàwó rẹ ní òdìkejì kòtò ni? Ilẹ̀ kan náà, ọwọ́ rẹ kan náà lo fi fín in, kí ló dé tí tirẹ̀ fi tutù yọ̀yọ̀? O ní ọwọ́ rẹ̀ ló dáa sí ilẹ̀? Háà! Háà-háà! Ẹ̀yin èèyàn, kò mọ̀! Kò mọ̀ rárá!

O rò pé inú kẹ́ẹ̀gì nìkan ni wọ́n ń gbé ni? Ìdí ẹ̀wà mi ni wọ́n wà, o ò lè da omi híhó sí gbogbo oko mi. Ìgbà tí ọmọ mi lókun díẹ̀, ó tún lọ wa iyẹ̀pẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó gbin tiyín ni ìyàwó rẹ wá síbí. Kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ kankan, yàrá ọmọ náà ló wọ̀ lọ tààrà, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó bẹ̀ ẹ́ nítorí ohun tí ìwọ ṣe, ìwọ tí o ò bẹ ẹnikẹ́ni títí ẹ̀wà rẹ fi ń kú! Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló rọ omi inú kẹ́ẹ̀gì fún un. Èmi ni mo tẹ̀ lé e dé ìta. Mo ní, "Ìyàwó, ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀kán omi yìí kan ò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ ọkọ rẹ."

Ṣé o fẹ́ mọ èsì rẹ̀? Jókòó kí o tó gbọ́ ọ. Ó ń so kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, kò tiẹ̀ wojú mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ bá má tiẹ̀ sọ ọ́. Ìyẹn ti wà lọ́kàn mi kí n tó kúrò nílé."

Háà! Háà-háà-háà! Wo ẹnu rẹ bó ṣe là sílẹ̀! Ọmọ mi! Ìwọ tó wà nínú yàrá, fi ohun tí ò ń ṣe sílẹ̀, jáde, sáré, kó tó pa ẹnu yẹn dé, wá wò ó!